Àkíbù Onírédíò àti Ẹ̀gbọ́n Tó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Bí ẹ bá dé Bẹẹrẹ lónìí tí ẹ dárúkọ Àkíbù Onírédíò, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pàdé yóò sọ ìtàn ọjọ́ tí Àkíbù já lu ìkéde òkú lórí rédíò. Ẹni kejì náà yóò sọ ọ́. Ẹni kẹta ò tíì délé ayé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n yóò búra fún yín pé ìṣojú òun ni.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Àsìkò tí rédíò ń ka orúkọ àwọn tó papò dà ni. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé bí ìkéde yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò á dáwọ́ dúró, arúgbó á gbé rédíò sún mọ́ etí, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí òkú ojúlùmọ̀ òun kọjá lẹ́yìn òun. Akéde ń ka ti ìyá àgbà kan, Màmá Louisa, tí ilé wọn wà ní Òkè-Àdó. Ó ti ka ọmọ, ó ti ka ọmọ-ọmọ, ó wá dé orí "ẹni tí ó sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún," ni ohùn kan bá dìde nínú rédíò. Ó rọra gòkè, wíìì, ó yí po lókè níbẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá ń lọ dún-ún-dún-ún-dún-ún lábẹ́ bíi kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tí inú ẹni tó ń wà á dùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Láti Beyerúnkà dé Ọjà'ba, títí kan Òkè-Àdó gan-an, kò sí rédíò tí kò gbọ́ ọ.

Àkíbù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Beyerúnkà, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe, ó ń dán ẹ̀rọ orin kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló fa wáyà gígùn kan láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí gun orí páànù, ó so ó mọ́ ọ̀pá kan tó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ. Ó ní kí ẹ̀rọ náà lè rí afẹ́fẹ́ mí sí ni. Afẹ́fẹ́ yẹn ló gbé e wọ inú rédíò gbogbo wa.

Tíṣà Ọlábọ̀wálé, àkọ́bí Màmá Louisa, gbéra, ó di iléeṣẹ́ rédíò, ó ní òun wá dúpẹ́. Ó ní ìkéde lásán làwọn ní kí wọ́n bá àwọn ṣe, wọ́n wá fi orin ọ̀run kún un, Olúwa yóò san wọ́n lẹ́san. Àwọn ará rédíò wo ara wọn lójú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin méjì ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Àkíbù, wọ́n bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ inú rédíò wa lọ́sàn-án?"

"Èmi?" ni Àkíbù wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó síbí. Mi ò dé Mápó lónìí, ká tó wá sọ pé mo wọ inú rédíò. Rédíò yín ló wá bá mi, tó ń ka òkú sí mi létí lẹ́nu iṣẹ́."

"Wáyà òkè yẹn ńkọ́?"

"Aṣọ ni mo fẹ́ máa sá sí i."

Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè wò ó. "Bàbá, ó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ta ló máa sá aṣọ síbẹ̀?"

"Ẹni tó bá ga," ni Àkíbù wí, ó sì bu mọ́ínmọ́ín rẹ̀ jẹ.

Wọ́n ní kí ó tú wáyà náà, ó tú u. Ṣùgbọ́n Tíṣà Ọlábọ̀wálé ti gbọ́ ibi tí orin ọ̀run ti wá, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá lù ú níbi ìsìnkú ìyá òun. Àkíbù fi ọmọlanke ti ẹ̀rọ náà dé Òkè-Àdó. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dún bíi tọjọ́ yẹn. Ó tún un tẹ̀, kò dún. Ó wá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà ò lè ṣe é bí kò bá gbọ́ ìkéde. Ni Tíṣà bá dìde láàárín èrò, ó mú ìwé, ó tún ka ikú ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tọmọ tọmọ-ọmọ. Bó ṣe dé orí ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ohùn náà jáde. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ò gbádùn ìsìnkú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé àwọn.

Irú èèyàn tí Àkíbù jẹ́ nìyẹn. Ilé ahunṣọ ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ gbé òfì fún un, ó tú òfì, ó fi okùn rẹ̀ di rédíò. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó gbọ́ ohùn kan nínú orin òyìnbó lórí rédíò tí kì í ṣe fèrè, tí kì í ṣe gìtá, tí kì í ṣe ìlù. Ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé pé kí nìyẹn. Wọ́n ní iná mànàmáná ló ń kọrin. Ó ní bí iná bá lè kọrin lọ́dọ̀ òyìnbó, iná Ìbàdàn náà lóhùn, àfi bí kò bá tíì dé.

Ọdún méjì ló fi ṣe ẹ̀rọ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan da dùùrù àtijọ́ nù, ó lọ gbé e. Ó kó ìfun rédíò mọ́kànlá sí i nínú, ó fi ìtẹ̀sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ sí i lábẹ́, ó wá yọ bọ́tìnnì méje kúrò lára sítóòfù oníná kan tó ti kú, ó tò wọ́n sí i lẹ́yìn. Bọ́tìnnì méjèèje dúdú, wọ́n rí bákan náà, kò sí nọ́ńbà lára wọn, kò sì sí àmì kankan. Bí èèyàn bá yí ọ̀kan, ohùn á tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá yí òmíràn, ohùn á wúwo. Èwo ló ń ṣe èwo, Àkíbù nìkan ló mọ̀, àbí kí n sọ pé ohun tí gbogbo wa rò nìyẹn.

Nígbà tó gbé Ràbíátù níyàwó láti Òjé, ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ gba ìyàwó ní yàrá. Ìyàwó bi í pé kí ni nǹkan yìí ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ó ti wà nílé yìí fún ọdún méjì kí o tó dé," ni Àkíbù wí. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ délé?"

"Òun ni."

"Ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ni. Má pè é lórúkọ."

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ṣe é. Báwo ló ṣe wá di ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ti wà lórí mi kí n tó gbọ́n," ni Àkíbù wí.

Ràbíátù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kó máà dá a padà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ó ní láti fún un ní orúkọ tirẹ̀, kó sì máa pè é ní ọkọ mi, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n níwájú ẹ̀rọ. Ó ní ẹ káàbọ̀ ẹ̀yin ọkọ mi, ó sì sọ bọ́tìnnì méjèèje lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Òpéléńgẹ́, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Ajíṣafẹ́, Bàbá Jẹ́jẹ́, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun sì di Kékeré-Ọkọ. Ó rò pé ojú á ti Àkíbù. Inú Àkíbù dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé oúnjẹ alẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò pe bọ́tìnnì wọ̀nyẹn ní orúkọ mìíràn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ràbíátù náà kò nu eruku ara wọn lárààárọ̀ láìkọ́kọ́ kí wọn, kódà lẹ́yìn tí Àkíbù gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta ni wọ́n fi ń bá eré yìí lọ, kò sì sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ.

Bó ṣe bọ̀wọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n náà ló ṣe bọ̀wọ̀ fún rédíò oníbàárà. Alhaja Zulaihat tó ń ta aṣọ ní Òjé gbé rédíò rẹ̀ wá lọ́dún kan. Ó dúró dè é fún oṣù méjì, kò rí i gbà. Ó wá fi ìbínú jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.

"Alhaja, kò sí ohun tó ṣe rédíò yín," ni Àkíbù wí. "Inú ló ń bí i. Kí lẹ fi ṣe é?"

"Mo lù ú. Kò gbọ́ràn."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Èmi, tí mo ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, kí n bẹ rédíò?"

"Òun náà ti dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é."

Alhaja jókòó títí tí wọ́n fi pe ìrun Ásárì. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin yìí ò ní í yí ọkàn padà, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ohùn kékeré sọ pé, "Má bínú." Àkíbù yí nǹkan kan lẹ́yìn rédíò, rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni Alhaja tó gbọ́ pé ọjọ́ kejì tó gbé e wá ni rédíò náà ti sàn.

Báyìí ni ayé rẹ̀ ṣe ń lọ títí di ọdún méjì sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ Páànù Mẹ́ta fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ni wọ́n. Hikmat ló ń kọrin, òun náà sì ni olórí. Jubril ló ń fi kọ̀ǹpútà to ìlù, Obed tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olórí akọrin ní ìjọ Áńgílíkà ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Orin tí wọ́n ń pè ní síńtì-pọ́ọ̀pù ni tiwọn, orin tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ iná ló ń ṣe gbogbo ohùn inú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kì í sì í gbọ́ ọ kó dúró jẹ́ẹ́. Kò sí iléeṣẹ́ orin kankan lẹ́yìn wọn. Yàrá Jubril ní Pópó Yemọja ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, wọ́n á fi mátírẹ́ẹ̀sì dí wíńdò, wọ́n á máa làágùn bí ẹni ń dín àkàrà. Wọ́n ń ṣe àwo tuntun lọ́wọ́ nígbà náà, orin mẹ́wàá, wọ́n pè é ní "Iná Ti Dé." Kíbọ́ọ̀dù Obed wá já bọ́ lórí ọ̀kadà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Àwọn èèyàn ní bí ó bá ṣeé tún ṣe, Àkíbù ló lè ṣe é.

Àkíbù tún un ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó yímú.

"Ó mọ́ jù," ni ó wí.

"Ìyẹn la ṣe rà á, Bàbá," ni Obed wí.

"Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ kúrò lórí Ẹ̀gbọ́n. "Ẹ wá gbọ́ àkísà."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí bọ́tìnnì méjì mẹ́ta, ó fi ìka kan ṣoṣo lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo wá gba fóònù mi ni. Ohùn náà nípọn, ó gbọ̀n díẹ̀, ó ní ìpẹtà lára bíi gbogbo òrùlé tí èèyàn ń rí láti orí òkè Mápó. Ó gba inú igi bẹ́ǹṣì wọ ara mi. Jubril kì í tètè yin nǹkan. Ọwọ́ ló fi di orí mú. Hikmat ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tẹ̀lé e.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀," ni Obed wí, ó na ọwọ́ sí i.

Àkíbù gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹ ò tíì kí i."

Hikmat kúnlẹ̀, Jubril àti Obed dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ Beyerúnkà, ní ọ̀sán gangan. Ẹlẹ́ran kan tó ń kọjá lọ gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé baálẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n dìde, Àkíbù bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ohùn náà ṣe. Hikmat ní àwọn fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Àkíbù fi ọwọ́ pa Ẹ̀gbọ́n lára.

"Wọ́n ní orí mi ò pé," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọdún márùnlélógójì ni Ẹ̀gbọ́n fi wà níbí, òkú kan ṣoṣo ló tíì bá mi pè é sóde. Bí ẹ bá gbé e jáde, tí àwọn ọmọ kéékèèké jó sí i, á jẹ́ pé mi ò ya wèrè láti ọjọ́ yìí."

"Mo ṣèlérí fún yín, Bàbá," ni Hikmat wí. "Orin tó ń jẹ́ 'Iná Ti Dé' gan-an, ohùn rẹ̀ ló máa gbé e."

Láti ọjọ́ náà, Àkíbù di ọ̀dọ́. Ó ń lọ sí Pópó Yemọja lẹ́yìn ìrun Súùrì, fìlà rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń bá Jubril jà pé ìlù inú kọ̀ǹpútà ń sáré bí ẹni tó jalè. Nígbà tí wọ́n bá sì ń fi Ẹ̀gbọ́n dánrawò ní ṣọ́ọ̀bù, Obed ni yóò tẹ dùùrù, Àkíbù á dúró lẹ́yìn, á fi gbàgẹ̀rẹ̀ agbádá rẹ̀ bo bọ́tìnnì, á máa pariwo: "Ẹ jẹ́ kí Òpéléńgẹ́ wà níbẹ̀. Adúmáadán, ẹ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́, ó tó." Kò jẹ́ kí wọ́n rí èyí tó ń yí. Ó ní wọn ò tíì pẹ́ nínú ẹbí. Hikmat fi fóònù gba gbogbo ariwo yìí sílẹ̀, nítorí ó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n parí orin mẹ́sàn-án. Àkíbù ti rí ibi tí ohùn orin kẹwàá wà, ó to bọ́tìnnì sí i, ó gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sílé kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án, wọ́n dá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọn yóò gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jẹun, ó ní kí òun rẹ ara sílẹ̀ díẹ̀. Kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Beyerúnkà sì dákẹ́. Mo sunkún, mi ò sì tijú rẹ̀.

Wàhálà tó tẹ̀lé e ni ti àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àlejò máa pọ̀, àwọn ará ilé wá fọ ilé láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n síta, wọ́n fi omi àti ọṣẹ nu ún tó ń dán. Ẹnì kan tó fẹ́ràn kí nǹkan gún rí bọ́tìnnì méje tí wọ́n dojú kọ ọ̀nà méje, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó yí gbogbo wọn sí apá kan náà. Wọ́n wá tẹ́ aṣọ funfun lé e, wọ́n sì to àwo ìrẹsì sórí rẹ̀. Báyìí ni ohùn tí Àkíbù fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá ṣe parẹ́ lábẹ́ ìrẹsì ọjọ́ kẹjọ tirẹ̀.

Àwọn Páànù Mẹ́ta gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sí yàrá Jubril, wọ́n gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obed tó kàwé iṣẹ́ mànàmáná ní Pólì ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ: ó ń wo wáyà, wáyà ń wo òun náà. Wọ́n yí bọ́tìnnì síbí, ó hó bí ewúrẹ́. Wọ́n yí i sọ́hùn-ún, kò tiẹ̀ dún, wọ́n bá tún dá gbogbo rẹ̀ padà bí wọ́n ṣe bá a. Ohùn Àkíbù wà nínú fóònù, ó ń pe orúkọ àwọn èèyàn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n sì ti kéde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni àwo yóò jáde, àwọn olólùfẹ́ wọn ti ń ka ọjọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi ohùn kọ̀ǹpútà sí i," ni Jubril wí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi máa mọ̀," ni Hikmat wí. "Mo ṣèlérí fún un. Bí a bá gbé e jáde láìsí Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó pe bàbá yẹn ní wèrè ló borí."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó kó àwọn méjèèjì lẹ́yìn, wọ́n lọ sílé Àkíbù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Abdulmumin, tó jẹ́ télọ̀, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hikmat bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Adúmáadán.

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ṣé ará ilé yìí ni?"

Hikmat tẹ fóònù rẹ̀, ohùn Àkíbù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan: "Ẹ jẹ́ kí Òpéléńgẹ́ wà níbẹ̀. Adúmáadán, ẹ bọ́ sílẹ̀ díẹ̀."

Kọ́tìnì yàrá gbọ̀n. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú.

"Ta ló ń pe àwọn ọkọ mi?"

Ràbíátù ìyàwó Àkíbù ni, ẹni tí gbogbo wa wá ń pè ní Ìyá Ràbíátù. Ó wà ní opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí kò gbọdọ̀ jáde nílé. Hikmat wọlé tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ìyá náà ní kí ó tún fi ohùn ọkọ òun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ, tó ń wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ gbé Ẹ̀gbọ́n wá."

Kò yẹ kí àwọn ọmọkùnrin wọ yàrá opó, bẹ́ẹ̀ ni Obed nìkan ló mọ orin náà tẹ̀. Wọ́n bá lọ gbé ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Eyín dùùrù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ Obed, bọ́tìnnì wà nínú yàrá lọ́dọ̀ Ìyá, kọ́tìnì sì wà láàárín wọn. Ìyá Ràbíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọkọ mi," ni ó wí. "Wọ́n gbé ìrẹsì lé yín lórí." Ó wò wọ́n dáadáa. "Ta ló tò wọ́n bí ọmọ iléèwé báyìí? Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í kọjú síbí."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ bí ohùn náà ṣe ń dún ni?" ni Hikmat béèrè.

"Mi ò mọ ohùn kankan. Èmi ni mò ń nu eruku ara wọn lárààárọ̀. Mo mọ bí kálukú wọn ṣe jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Òpéléńgẹ́, ẹ rọra. Eyínfúnjowó, ẹ ti rẹ́rìn-ín jù. Ibẹ̀ un."

Abdulmumin ti sáré síta, ó ń bẹ gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n di adìyẹ mú, kí ẹnikẹ́ni má gún nǹkan. Jubril tẹ kọ̀ǹpútà. Obed fi ọwọ́ lé dùùrù. Ohùn náà sì jáde. Òun gan-an ni. Hikmat di ẹnu ara rẹ̀ mú kí ó má bàa pariwo ba gbígbàsílẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ti dé ìdajì nígbà tí ohùn náà yí padà. Ó gbòòrò, ó ṣí bíi wíńdò, nǹkan kan tí a ò gbọ́ rí wọ inú rẹ̀. Ìyá Ràbíátù ló yí Kékeré-Ọkọ, tó ti wà ní ìpẹ̀kun láìsẹ́ni tó kà á sí.

"Ìyá," ni Obed wí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, "Bàbá ò sọ pé ká yí ìyẹn."

"Bàbá ti kú," ni Ìyá Ràbíátù wí. "Èmi ló kù. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ yẹn sì wà nínú orin náà títí di òní, nítorí Hikmat kọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Àwo "Iná Ti Dé" jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, ẹ má tàn mí. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, àwọn tó ń ta fóònù ní Bẹẹrẹ ti gbé sípíkà síta, orin kẹwàá ni gbogbo wọn ń fi sí i. Ọlọ́kadà ń mì orí. Àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ ń jó lẹ́bàá títì Ọjà'ba, nígbà tí ohùn náà bá sì fẹ́ ṣí, wọ́n á kọ́kọ́ ké lóhùn kan pé, "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ." Ẹnì kan láti ìlú òyìnbó kọ̀wé pé irú kíbọ́ọ̀dù wo nìyí, níbo ni wọ́n ti ń tà á. Obed dá a lóhùn pé wọn kì í tà á, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún un ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé sípíkà kékeré kan lọ sílé Àkíbù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ẹni tó dé á sọ èyí tó mọ̀ nípa Àkíbù, ẹ̀rín á tún sọ, a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Wọ́n wá fi orin kẹwàá sí i. Ìyá Ràbíátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ lérán. Ó gbọ́ ọ títí tó fi parí.

Hikmat kúnlẹ̀ tì í. "Ìyá, ṣé ó dáa?"

Ìyá Ràbíátù fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ọkùnrin yẹn yọ mí lẹ́nu láyé. Ì bá wù mí kí ó tún yọ mí lẹ́nu lónìí." Ó na ọwọ́, ó fa sípíkà náà sún mọ́ ara rẹ̀. "Tún un fi sí i."